Kí Ọkọ́ Má Jẹ́ Pàṣán Mọ́: Ìwúre fún Iléèwé Rẹ́mọ

Mo júbà Olódùmarè, ọba tó ń tan oòrùn fún olówó àti tálákà láìgba owó iná lọ́wọ́ ẹnì kankan. Mo júbà Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ tó sì ń bọ́ wa síbẹ̀. Mo júbà àwọn àgbà tó kó ìlú tó ju mẹ́wàá lọ jọ sójú kan ní 1872, tí wọ́n sọ ọ́ di Ṣàgámù, kí ogun má baà máa kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbà Akárígbò, ìbà Alákẹ́nnẹ́, ìbà gbogbo orí adé Rẹ́mọ. Ìbà ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé títí apá aṣọ yín fi ń funfun. Ẹni tó ń kírun, ẹni tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń ṣe orò ilé bàbá rẹ̀, gbogbo yín lẹ pé síbí. Bí mo bá wí, ẹ bá mi ṣe àṣẹ.

Obì gbànja ló wà lọ́wọ́ mi. Ní Rẹ́mọ, kí ni ǹ bá tún mú dání? Obì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tà tí wọ́n fi rán ọmọ níwèé. Òun ló mú àwọn Hausa tẹ̀dó sí Sábó ní Ṣàgámù, tí ọkọ̀ fi ń kó obì lọ sókè Ọya. Ẹni tó gbin igi tó so èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí yóò ti dúró ọdún márùn-ún, bóyá méje, kó tó fojú kan èso. Kò sí gómìnà tí sáà rẹ̀ ẹyọ kan gùn tó bẹ́ẹ̀. Olódùmarè, fún wa ní sùúrù ẹni tó gbin obì. Kí a má máa gbin igi sí ọgbà iléèwé nítorí kámẹ́rà, kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́ kí oṣù tó parí, kí á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ wá gbin òmíràn sínú ihò kan náà níwájú kámẹ́rà mìíràn. Àṣẹ.

Àdúrà inú kíláàsì ti pọ̀. À ń gbà á pé kí ọmọ yege WAEC, kó wọ yunifásítì, kí orí rẹ̀ pé. Ilẹ̀ tó yí kíláàsì ká ni kò sẹ́ni tó ń wúre fún: abẹ́ igi máńgòrò, ẹ̀yìn ilé ìdáná, orí páànù tí oòrùn ń sun láti àárọ̀ dalẹ́, ojú ọ̀nà tí ọ̀gbàrá ń gbà sá lọ sójú títì. Ibẹ̀ ni mo dojú ìwúre mi kọ lónìí. Ibẹ̀ ni ọmọ ti lè fojú rí i bí ilẹ̀ tó ṣá ṣe ń padà lọ́ràá, bí oòrùn ṣe ń di iná, bí omi òjò tí à ń lé lọ ṣe lè di omi tí à ń lò. Ìmọ̀ bí èèyàn ṣe ń jẹun lára ilẹ̀ láì pa ilẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ̀rọ̀ lé lórí káàkiri àgbáyé, abẹ́ máńgòrò ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí àdúrà tó gòkè, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Kí ni à ń fi ìta iléèwé ṣe? Ìyà ni. Ọmọ tó pẹ́ dé, ẹ gbé àdá fún un kó lọ gé koríko. Èyí tó pariwo, kó lọ hú kùkùté. Èyí tó gba òdo nínú ìṣirò, kó lọ pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù. Ọmọ tó mọ̀wé á jókòó síbi tó tutù nínú kíláàsì, á máa wo àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú fèrèsé. Ọdún méjìlá gbáko la fi ń kọ́ ọmọ pé ẹlẹ́bi ló ń mú ọkọ́ lọ́wọ́, ká tó wá bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ ṣe àgbẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ìyà ṣe iṣẹ́ jẹun? Bí ẹ bá dé oríta Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Benin, ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ tó wà lórí ọ̀kadà níbẹ̀ léèrè bóyá bàbá wọn kò ní ilẹ̀ nílé.

Olódùmarè, gba ọkọ́ lọ́wọ́ ìyà. Kí àdá má jẹ́ ẹgba mọ́. Kí ọmọ tó ṣe ipò kìíní máa bá èyí tó gbẹ̀yìn du ìtọ́jú igi nínú oko iléèwé. Kí ó dé ọjọ́ tí olùkọ́ yóò fi sọ fún aláìgbọràn pé, “Nítorí ohun tí o ṣe, o ò ní bá wa dé oko lónìí,” kí ọmọ náà sì sunkún. Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ pa àṣà yìí tì, ẹnu yín á máa ká ọmọ láìlo pàṣán. Àwọn òbí ò ní wá bá yín jà pé iṣẹ́ lẹ ń fi ọmọ àwọn ṣe. Àṣẹ.

Rẹ́mọ ni ilẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní èyí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún kan àti ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1956, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ mìíràn, Táí Ṣólàrín, àti aya rẹ̀ Sheila, dá iléèwé Mayflower sílẹ̀ nílùú náà. Ọ̀kan ṣílẹ̀kùn kíláàsì kí gbogbo ọmọ lè wọlé. Èkejì ní kí wọ́n tún jáde síta, kí wọ́n mú ọkọ́ dání. Akẹ́kọ̀ọ́ Mayflower ń kàwé, ó ń roko, ó ń sin ẹran, ó ń gbin igi eléso, ó sì ń bá wọn kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ máa lò. Táí, bàbá tó wọ ṣòkòtò péńpé tó dé fìlà náà, kò dúró sójú fèrèsé máa wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń pe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ààbò àyíká nígbà yẹn. Kí ọmọ má fi gbogbo ayé rẹ̀ nawọ́ sẹ́lòmíràn ni wọ́n ń lé.

Mo mọ̀ pé ẹni tó mọ Táí dáadáa á ti máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, tó fi iṣẹ́ ọ̀gá àgbà sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tó sì dá iléèwé tí kò ní ẹ̀sìn kankan sílẹ̀, òun ni mo wá ń dárúkọ láàárín ìwúre! Kò burú. Òun náà wúre lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, nígbà tí tẹrú tọmọ ń kí ara wọn pé ọdún á yabo, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Times pé kí ọ̀nà àwọn tó ń ka òun rí gbágungbàgun. Ẹni tó gbọ́ ọ lóréfèé á ní èpè ni. Lójú tèmi, ó wà lára ìwúre tó dára jù tí ọmọ Rẹ́mọ kan ti ṣe fún ọ̀dọ́, nítorí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi tí mo gbà pé Ọlọ́run wà, mo yá díẹ̀ nínú rẹ̀: kí iṣẹ́ ọgbà le fún àwọn ọmọ wa níwọ̀nba tí wọn ò fi ní gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀. Kí ọwọ́ wọn le, kí ọkàn wọn rọ̀. Kí tòmátì àkọ́gbìn wọn kú, kí wọ́n wádìí ohun tó pa á, kí èkejì yè. Àṣẹ.

Ìlú Ìkẹ́nnẹ́ kan náà yìí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fi ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ àgbẹ̀ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ti ń dán irúgbìn àgbàdo wò. Kí ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba iwájú géètì irú oko bẹ́ẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ yà wọlé lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan oòrùn. Ẹ̀kọ́ oòrùn kò dúró de owó ìjọba. Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ ṣánṣán ní pápá iléèwé, kí àwọn ọmọ máa fi òkúta sàmì síbi tí òjìji rẹ̀ bá dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dígírì méje sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Nítorí èyí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ń dúró gẹ́lẹ́ sí àtàrí wa: ní nǹkan bí ọjọ́ keje oṣù kẹrin, àti ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án. Lọ́jọ́ náà, bí aago kan ọ̀sán bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òjìji ọ̀pá á kó wọ ìdí ọ̀pá, a ò ní rí i mọ́. Ọmọ tó gbọ́n á béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe aago méjìlá géérégé. Ẹ sọ fún un pé aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò, ìlà kan tó wà lẹ́yìn ààlà wa níhà ìlà-oòrùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, oòrùn sì ń tètè dé ọ̀hún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀pá kan, òkúta díẹ̀, ọmọ ti mọ̀ pé ayé ń yí. Ọjọ́ méjèèjì sábà máa ń bọ́ sí ìgbà ìsinmi, mo mọ̀. Kí Olódùmarè fi í sọ́kàn àwọn tó ń ṣètò sáà ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ kan péré. Kí ìkùukùu má bo ojú ọ̀run lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àṣẹ.

Lẹ́yìn ọ̀pá ni kí ẹ tó gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà dé. Ẹyọ kan ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tí ojú ọmọ á tó o, kì í ṣe orí òrùlé tí ẹnikẹ́ni ò lè dé. Ẹ kọjú rẹ̀ sí gúúsù, ẹ dà á tẹ̀ bíi dígírì mẹ́wàá, kí òjò lè máa ṣan eruku rẹ̀ lọ. Kí àwọn ọmọ wọn iná tó ń mú wá láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bò ó, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi aṣọ tútù nù ún, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Wọ́n á rí i pé bí ó bá gbóná jù, iná tó ń mú wá ń dín kù: ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe ooru. Ìyẹn gan-an kì í yé ọ̀pọ̀ àgbà. Inú yanrìn ni silicon tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá, ọdún méjì péré ṣáájú Mayflower, ní 1954, ni àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà sì fi irú èyí tó kọ́kọ́ wúlò han ayé.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ta ló ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ kí ọmọ lè kọ́ kọ̀ǹpútà? Ní Kano, Yunifásítì Bayero gba iná sólà mẹ́gáwáàtì 7.1 ní 2019. Rere ni, ṣùgbọ́n àwa ò bèèrè mẹ́gáwáàtì. Iná tí ọmọ lè tọ wáyà rẹ̀ láti ibi tí ó ti wọlé dé ibi tí ó ti jáde ló tó wa. Kí Olódùmarè pa ojú olè mọ́ kúrò lára páńẹ́ẹ̀lì iléèwé. Ẹni tó bá tú u lóru, kó má rí oníbàárà. Ẹni tó bá mọ̀ tó sì rà á, kó má tan iná lọ́sàn-án, kó má tan án lóru. Àṣẹ.

Bátìrì ló kù, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Àwọn tó ń yin sólà kì í sábà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bátìrì tó ti kú. Ní Ògijo, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù tiwa níbí, àwọn iléeṣẹ́ kan ń yọ́ bátìrì àtijọ́ kí wọ́n lè rí òjé inú rẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti ínfátà àti ti sólà tó jẹ́ olójéé kò ní ọ̀nà mìíràn tó yàtọ̀ síyẹn. Èéfín àti eruku rẹ̀ ń bà sórí òrùlé, sórí ewé ẹ̀fọ́, sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń ṣeré. Ní 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn tó ń gbé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàgbà tọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a lè fọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà pé kò léwu. Ọpọlọ ló ń mú, èyí tó bá sì mú lọ kì í sábà padà bọ̀.

Kí Olódùmarè ṣàánú àwọn ọmọ Ògijo. Kí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò má ṣe yẹ̀ wọ́n wò tán kó gbàgbé wọn. Kí ìtọ́jú tẹ̀lé ìròyìn. Kí ìyá tó ń gbé ọmọ kiri nítorí inú rírun àti àìleè-kàwé mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀, kó má máa lọ fẹ̀sùn kan àjẹ́ nílé. Kí Elédùmarè fọ ilẹ̀ náà, kó sì fún àwọn tó ba ilẹ̀ náà jẹ́ ní ẹ̀rí-ọkàn àti owó tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Àṣẹ, àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ìwúre yìí ní àdéhùn. Ẹ̀yin iléèwé tó wà nítòsí irú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ọmọ sínú oko kí ẹ tó yẹ ilẹ̀ wò. Bí ilẹ̀ bá ní òjé, ẹ fi búlọ́ọ̀kù ṣe ebè gíga, ẹ ru ilẹ̀ mímọ́ kún un láti ibòmíràn, kí ọmọ sì fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta iléèwé lọ́rẹ sólà, ẹ béèrè bátìrì tí kò ní òjé nínú. Bí olójéé ni, ẹ béèrè ẹni tó máa wá gbé e lọ́jọ́ tó bá kú àti ibi tó ń gbé e lọ, kí ẹ tó dúpẹ́. Iléèwé tó fi oòrùn kọ́ ọmọ ní ìmọ́tótó ní Ìkẹ́nnẹ́, tí bátìrì rẹ̀ sì wá lọ sọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ Ògijo di ìdọ̀tí, kò tíì kọ́ ọmọ ní nǹkan kan.

Nítòsí náà ni òkúta ẹfun Ṣàgámù wà, tí wọ́n ń fi ṣe símẹ́ǹtì. Mélòó nínú ọmọ Ṣàgámù ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iná tí wọ́n fi ń sun ún? Bí wọ́n bá sun òkúta ẹfun tí kò ní àbùlà 100 kílò, 44 kílò nínú rẹ̀ ló ń di afẹ́fẹ́ tí ojú ò rí, irú afẹ́fẹ́ kan náà tó ń mú ayé gbóná, láìtíì ka ti epo tí wọ́n fi dáná. Ọmọ tó mọ èyí kò ní kórìíra símẹ́ǹtì, ó ṣáà wà nínú ilé tí wọ́n fi í kọ́. Ṣùgbọ́n á mọ iye tó ń náni. Á sì béèrè ìdí tí a fi da á bo gbogbo àgbàlá iléèwé láti géètì dé ilé ìyàgbẹ́, títí òjò ò fi ríbi wọlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ọmọ fi ń jóná lọ́sàn-án. Olódùmarè, fi ilẹ̀ tó lómi nínú sílẹ̀ fún wa nínú ọgbà. Kí kọńgílá sùn lọ́jọ́ tó fẹ́ tẹ́ ìyókù. Àṣẹ.

Kí ojú wa má fo àwọn tó ti ṣe é. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ àlùfáà Àgùdà, Godfrey Nzamujo, bẹ̀rẹ̀ oko ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ Songhai ní 1985 lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Ìdọ̀tí tí kò ṣeé wò fa eṣinṣin, eṣinṣin di ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja. Ewéko tó máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ lójú ọ̀sà, òun ni wọ́n fi ń sẹ́ omi ẹ̀gbin kó lè mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá kẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí iléèwé tó ní ilé ẹran àti ilé ìdáná ní Rẹ́mọ kò lè gbìyànjú. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, tí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ilé ìtajà ńlá ní Èkó ti sú yín, ẹ gba ọ̀nà Àjàṣẹ́. Kí àwọn aṣọ́bodè Sẹ̀mẹ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì yín kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. (Ẹ bá mi ṣe àṣẹ yẹn kíkankíkan.)

Ní Gando, ní Burkina Faso, Francis Kéré fi amọ̀ ìlú rẹ̀ kọ́ iléèwé kan tó parí ní 2001. Ó gbé páànù rẹ̀ sókè kúrò lórí àjà, kí ooru lè ríbi jáde, kíláàsì sì tutù láìsí fáànù. Ní 2022 ó gba ẹ̀bùn Pritzker, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní Malawi, ìyàn ọdún 2001 sí 2002 mú kí owó iléèwé wọ́n William Kamkwamba, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó ka ìwé nínú ilé ìkàwé kékeré kan, ó fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ àti igi ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó tan iná nílé bàbá rẹ̀. Kí orí tó wà lára àwọn wọ̀nyí má yẹ àwọn ọmọ Makun, Ọ̀fin, Ìlíṣàn, Ìpẹ̀rù, Ìsarà àti Òde Rẹ́mọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ebi má jẹ́ olùkọ́ wọn bí ó ti ṣe ti Kamkwamba. Kí ó jẹ́ pé iléèwé ni wọ́n ti rí irinṣẹ́, kì í ṣe ààtàn. Àṣẹ.

Ẹ̀yin ìyá alásè iléèwé, ẹ̀fọ́ tí ọmọ gbìn á dé ìkòkò yín. Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín á máa padà sóko di ajílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní dáná sun ún mọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ̀yin ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì, ewúrẹ́ ò ní gba ẹ̀yìn yín wọlé. Ẹ̀yin olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí ìwé kan ṣoṣo àti ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni irinṣẹ́ yín, ojú ọ̀run á di yàrá ìwádìí yín. Owó oṣù yín á dé kí oṣù tó parí. Ẹ ò ní fi ebi kọ́ ọmọ bí a ṣe ń gbin oúnjẹ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, Olódùmarè á bù kún àpò yín. Á sì là yín lójú pé géètì ńlá tí a kọ orúkọ sí ti tó. Iléèwé kan kì í wọ inú géètì mẹ́ta. Ẹ fi owó géètì tó kàn ra táńkì omi òjò, ẹ fi ra ọkọ́ tó bá ọwọ́ ọmọdé mu, ẹ fi sanwó ẹni tó máa bomi rin igi nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, torí ìgbà yẹn gan-an ni ọgbà iléèwé máa ń kú. Ẹ bá wa kọ orúkọ yín sára táńkì náà, a ò ní bínú.

Ẹ̀yin ọba àti ẹ̀yin ìdílé onílẹ̀, ẹ̀yin ni mo fi sẹ́yìn, kì í ṣe nítorí pé ẹ kéré. Àwọn bàbá yín ló yọ̀ǹda ilẹ̀ fún iléèwé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì wọ́n. Nísinsìnyí, láti Ṣàgámù títí dé ojú títì márosẹ̀, olówó ń wọn ilẹ̀, etí ọgbà iléèwé sì ń di ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan. Pápá ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé, nítorí wọ́n ní kò sí ohun tó wà lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ta ilẹ̀ iléèwé má gbádùn owó rẹ̀. Kí ẹni tó bá dá a padà gbó, kó tọ́, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ jẹ máńgòrò lórí rẹ̀. Àṣẹ.

Òjò kejì á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kò sì ní pẹ́ kọjá ìparí oṣù kẹwàá. Igi tí a kò bá gbìn láàárín ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀rùn ló máa bá a. Kí iléèwé tó wọlé, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ gba ìwé ilẹ̀ iléèwé yín jáde, ẹ pe sọ̀fíyọ̀, ẹ ri òpó sí ààlà rẹ̀, kí ẹ sì gbin igi àkọ́kọ́ sí etí ibi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.